Ìṣẹ́jú Mẹ́ta Tí N Kò Kọ Sínú Ètò

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí ìwé pélébé kan ti wà nínú àpò tí mo fi ń kó díìsì mi, n kò sì tíì lè jù ú nù. Ètò ìrìn àjò ọjọ́ kan ló wà nínú rẹ̀: pápá disc golf mẹ́rin, ihò 18 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, aago tí a ó bẹ̀rẹ̀, aago tí a ó parí, àti iye ìṣẹ́jú tí a ó lò lójú ọ̀nà láti pápá kan dé èkejì. Nínú eré yìí, díìsì, ìyẹn ike pẹrẹsẹ roboto, ni a ń jù títí yóò fi wọ agbọ̀n irin tí ẹ̀wọ̀n rọ̀ sí; láti ibi ìjù kan dé agbọ̀n rẹ̀ ni a ń pè ní ihò. Èmi ni mo kọ ètò náà, rúlà ni mo sì fi fa ìlà rẹ̀. Nígbàkígbà tí mo bá ti ọwọ́ bọ àpò náà láti mú díìsì, tí ìka mi sì kan ìwé yìí, ojú a tún máa tì mí.

Kì í ṣe pé ètò náà forí ṣánpọ́n ló ń tì mí lójú. Pápá méjì ààbọ̀ ni a rí jù nínú mẹ́rin, ẹni tó bá sì ti gbìyànjú irú ìrìn bẹ́ẹ̀ rí yóò gbà pé ìyẹn kò burú. Ohun tí kò jẹ́ kí n gbàgbé ni ohun tí mo ṣe ní ihò 11 pápá kẹta, nígbà tí ẹni tó dàgbà jù láàárín wa ń tú ewéko kiri láti wá díìsì rẹ̀, tí èmi sì ń wo aago.

## Ìwé tó mọ́ jù

Kò sí ìgbà tí irú ìrìn yìí dùn tó ìgbà tí a kò tíì jáde nílé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń ṣí máàpù UDisc, áàpù tí àwọn tó ń ṣe eré yìí ń lò, lórí fóònù lálaalẹ́, tí mo ń wo ibi tí agbọ̀n kọ̀ọ̀kan wà, bí ihò kọ̀ọ̀kan ṣe gùn tó, àti ohun tí àwọn tó ti débẹ̀ sọ nípa ẹrẹ̀ àti koríko rẹ̀. Mo wo bóyá ìdíje kankan yóò wà lórí èyíkéyìí nínú wọn lọ́jọ́ náà, nítorí pé ó máa ń dunni púpọ̀ kí ènìyàn wakọ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn kó sì bá èrò rẹpẹtẹ lórí pápá tó rò pé yóò ṣófo. Ilé ni a ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde, mo sì rò pé mo ti kó ẹ̀ṣọ́ tèmi pé pérépéré.

Aago méje àárọ̀ ni a ó bẹ̀rẹ̀. Wákàtí méjì ni mo fún pápá kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú 35 ni mo sì fún ọ̀nà tó wà láàárín wọn. Nípa bẹ́ẹ̀, pápá kejì yóò bẹ̀rẹ̀ ní aago 9:35, ẹ̀kẹta ní 12:10, ẹ̀kẹrin ní 2:45, a ó sì ti parí gbogbo rẹ̀ ní 4:45 kí oòrùn tó rọ̀. Àwọn nọ́ńbà náà wọ inú ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń wò wọ́n ní àwòtúnwò bí ẹni ń wo àwòrán.

Ibi tí mo ti mú wákàtí méjì náà wá ló kọ́kọ́ yẹ kí ó fu mí lára. Àkókò tí èmi nìkan fi ń parí ihò 18 ni, lórí pápá tí mo mọ̀ bí ẹni mowó. Ṣùgbọ́n àwa mẹ́rin ni a ń lọ, kò sì sí ẹni tó mọ ìkankan nínú àwọn pápá náà. Òfin eré yìí fún ẹni tí ó kàn ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá láti jù. Ká sọ pé ogún péré ni ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ń lò, tí ó sì ń gbà wá ní ìjù mẹ́rin kí díìsì tó wọ agbọ̀n: ìjù 16 ni ìyẹn lórí ihò kan ṣoṣo, ó sì ti ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ kí ẹnikẹ́ni tó gbé ẹsẹ̀. Tí a bá sọ ọ́ di ìlọ́po 18, ó ti ju wákàtí kan àtààbọ̀ lọ. Ìrìn kò tíì sí níbẹ̀. Wíwá ibi ìjù tó kàn, tó máa ń fara pamọ́ sẹ́yìn igi lórí pápá tí ènìyàn kò dé rí, kò tíì sí níbẹ̀. Gbogbo ìṣirò yìí kò le, ọmọdé lè ṣe é, ṣùgbọ́n ìgbà tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ tán ni mo tó jókòó ṣe é.

## Ihò 11

N kò ní fa ọ̀rọ̀ pápá méjì àkọ́kọ́ gùn. Ìrì àárọ̀ mú kí díìsì máa yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ wa lórí àkọ́kọ́, a tún bá àwọn kan níwájú wa tí wọn kò kánjú, tí wọn kò sì yà kí a kọjá. Aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni a parí rẹ̀. Èkejì gbà wá ní ohun tó ju wákàtí méjì àtààbọ̀ lọ. Nígbà tí a fi dé ihò 11 pápá kẹta, aago mẹ́ta ti kọjá ogún ìṣẹ́jú, ìwé mi sì ń sọ pé ihò kẹfà pápá kẹrin ló yẹ kí a wà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rìn níwájú gbogbo wọn. Mo ti ń yọ díìsì mi kúrò nínú agbọ̀n kí ariwo ẹ̀wọ̀n rẹ̀ tó rọlẹ̀.

Ihò náà gùn tààrà, igbó sì ṣú ní gbogbo apá ọ̀tún rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa mú díìsì kan tí wọ́n ń pè ní Bàbá Àgbà. Pupa ni tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n oòrùn ti fa àwọ̀ rẹ̀, etí rẹ̀ sì ti rí jágajàga nítorí igi tó ti ń forí sọ láti ọdún mẹ́jọ wá. Ẹni tó bá ń ṣe eré yìí mọ ìdí tí wọn kò fi pààrọ̀ rẹ̀. Díìsì tó ti gbó kì í fò bíi tuntun. Nígbà tí Bàbá Àgbà wà ní tuntun, tí ẹ̀gbọ́n bá fi ọwọ́ ọ̀tún jù ú, yóò yà sí òsì gidi ní ìparí ìrìn rẹ̀. Ní báyìí, tààrà ló ń lọ, nígbà mìíràn a sì máa gè sí ọ̀tún jẹ́jẹ́ kó tó balẹ̀. Kò sí ibi tí a ti ń ra irú ìyẹn. Àfi kí ènìyàn tún lo ọdún mẹ́jọ mìíràn.

Lọ́jọ́ náà, ó gè sí ọ̀tún jù. A gbọ́ tí ó lu igi kan, a gbọ́ ewé, a kò sì gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọ inú igbó lọ. Bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn tí mo bá ń ròyìn rẹ̀ fún ènìyàn: àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Òtítọ́ rẹ̀ ni pé ẹni mẹ́ta ló ń wá a. Èmi dúró sí ẹ̀bá igbó, mo ń fi ẹsẹ̀ tú ewé díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n lè rò pé mo ń ṣe nǹkan, mo sì tẹjú mọ́ aago ọwọ́ mi. Bí ìṣẹ́jú mẹ́ta ti pé ni mo pariwo pé, "Ẹ̀gbọ́n, ó ti pé o. Òfin ní kí á máa lọ."

Wọn kò dá mi lóhùn. Àbúrò tó kéré jù nínú wa, tó ń fi ọ̀pá ya ẹ̀gún sọ́tọ̀, gbójú sókè, ó wò mí, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, a ti pẹ́ jù. Ẹ ó ra òmíràn." Ẹ̀gbọ́n dìde lórí ìkúnlẹ̀, wọ́n gbọn ewé kúrò lára ṣòkòtò wọn, ohùn wọn kò sì le rárá nígbà tí wọ́n sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Máa lọ, àbúrò mi. Ìwé rẹ ń dúró dè ọ́."

Mo sì lọ. Mo gbé àpò kọ́ èjìká, mo rìn dé ibi ìjù ihò 12, mo sì dúró síbẹ̀ ní èmi nìkan. Afẹ́fẹ́ ti rọlẹ̀, ọ̀nà náà mọ́ roro, agbọ̀n hàn kedere lọ́ọ̀ọ́kán; ẹ kò lè rí àyè ìjù tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ń gbọ́ ohùn àwọn mẹ́ta yòókù láti inú igbó. Nígbà tó yá, wọ́n fi nǹkan kan rẹ́rìn-ín, n kò sì mọ ohun tí ó jẹ́. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà, ẹni tó bá ya ẹgbẹ́ sílẹ̀ ni wọ́n sì máa ń pa òwe náà fún. N kò mọ̀ pé ó lè bá ẹni tó ń tẹ̀lé ètò wí.

## Ohun tí òfin ti rí tẹ́lẹ̀

Nígbà tí mo délé, mo lọ ka òfin tí mo fi ń pariwo mọ́ àgbàlagbà. Ìwé òfin PDGA (Professional Disc Golf Association) ni, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe eré yìí, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1976. Apá tí mo rántí wà níbẹ̀ lóòótọ́: bí a kò bá rí díìsì láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó sọnù nìyẹn, ẹni tó ni ín yóò padà sí ibi tó ti jù ú, wọn yóò sì fi ìjù kan kún iye tirẹ̀. Ohun tí n kò rántí ni pé bí ẹni tó ni díìsì bá ní kí a bá òun wá a, dandan ni kí gbogbo àwọn tó kù bá a wá a fún odidi ìṣẹ́jú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èmi ka ìṣẹ́jú náà pé, n kò wá nǹkan kan nínú rẹ̀. Pàṣán tí mo gbé sókè, ẹ̀yìn èmi gan-an ló tọ́ sí.

Bí mo ṣe ń rò ó síwájú sí i, ohun mìíràn tún hàn sí mi. Àwọn tó kọ òfin náà gbà láti ìbẹ̀rẹ̀ pé díìsì yóò sọnù. Wọn kò kà á sí jàǹbá tàbí àìmọṣẹ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n fún un ní àyè tirẹ̀ nínú eré, wọ́n sì wọn àyè náà. Nínú ètò tí èmi kọ ní tèmi, kò sí ẹyọ ìṣẹ́jú kan fún wíwá ohunkóhun. Mo tún mú bíírò. Ká ní ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ń ju díìsì kan sínú igbó nínú ihò mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án (n kò bu ẹgbẹ́ wa kù tí mo bá sọ bẹ́ẹ̀), ìgbà mẹ́jọ ni fún ẹnì kan láàárín ihò 72, ìgbà 32 sì ni fún àwa mẹ́rin. Ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́ta lọ́nà 32 jẹ́ ìṣẹ́jú 96. Bí a bá tilẹ̀ rí ọ̀pọ̀ nínú wọn kíá, tí a sì pín iye náà sí méjì, ó ku ìṣẹ́jú 48 tí n kò mọ ibi tí mo rò pé yóò ti jáde. Láti ara àwọn tí mo bá rìn ló ti jáde.

"Ẹ ó ra òmíràn" ni ọ̀rọ̀ tó dùn mí jù pé ó ti ẹnu mi jáde. Ed Headrick, ẹni tó ṣe agbọ̀n ẹlẹ́wọ̀n tí a ń jù sí títí dòní, kú ní ọdún 2002. Gẹ́gẹ́ bí ó ṣe fẹ́ kí a ṣe òun, wọ́n po eérú ara rẹ̀ mọ́ ike tí wọ́n fi ṣe àwọn díìsì kan. Ẹni tí a ń pè ní baba eré yìí fẹ́ di díìsì lẹ́yìn ikú rẹ̀, èmi wá dúró sí ẹ̀bá igbó, mo ń sọ fún àgbàlagbà pé díìsì kò ju ohun tí a ń rà lọ.

## Ẹni tó lé eku mẹ́rin

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ojúlùmọ̀ kan bi mí pé pápá wo ló dùn jù nínú gbogbo rẹ̀. Mo lè sọ nípa ti àkọ́kọ́, pàápàá ìrì rẹ̀ àti ihò kan tí a ń jù kọjá orí omi. Nígbà tí mo dé orí ìkejì, ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu mi. Mo ní láti ṣí fóònù. UDisc ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo lo ìjù 64, ó to iye ihò kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ fún mi, síbẹ̀ n kò lè rí ẹyọ igi kan lójú inú mi. Mo lo wákàtí méjì àtààbọ̀ níbẹ̀ láàárín ènìyàn mẹ́ta tí mo fẹ́ràn, kò sì sí ohun kan tí mo mú bọ̀.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo. Mẹ́rin ni mo lé, ó sì yẹ kí n sọ ìdí rẹ̀, nítorí n kò tíì sọ ọ́ fún àwọn tí mo kó lẹ́yìn lọ́jọ́ náà. UDisc máa ń ka iye pápá tí ènìyàn ti jù rí. Tèmi jẹ́ 46. Mo fẹ́ kó di 50. Òun nìkan ni. Bí iye tèmi bá jẹ́ 47, pápá mẹ́ta ni ǹ bá kọ sínú ìwé náà, ó sì ṣeé ṣe kí Bàbá Àgbà má sọnù.

N kò sọ pé kò dára kí ènìyàn jù lórí pápá púpọ̀ lọ́jọ́ kan. Ní ọdún 1975, nígbà tí wọ́n ṣe pápá àkọ́kọ́ tí a ṣe láti máa wà títí, ní ọgbà Oak Grove ní ìpínlẹ̀ California, kò sí bí ẹnikẹ́ni ṣe fẹ́ máa ti ọ̀kan bọ́ sí òmíràn. Ẹni tó bá fẹ́ jù sí i, àfi kó tún padà sí ihò kìíní. Ní báyìí, pápá pọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní ìwà tirẹ̀. Ẹni tó bá kúrò lórí pápá onígbó lọ sí orí pápá gbalasa tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ láàárín ọjọ́ kan yóò mọ ohun kan nípa ọwọ́ ara rẹ̀ tí pápá kan ṣoṣo kò lè kọ́ ọ. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn tó rí i, ó ní láti wà lórí pápá tó wà. Èmi kò sí lórí ìkejì. Ìkẹta ni mo wà nígbà tí mo ń jù lórí ìkejì, nígbà tí mo sì dé ìkẹta, mo ti wà lórí ìkẹrin. Ìkẹrin gan-an, n kò dé ibẹ̀ títí di òní.

## Ìwé kejì

Mo ti kọ ètò mìíràn. Mẹ́ta ni pápá tó wà nínú rẹ̀, ìkẹta kò sì ju ihò mẹ́sàn-án lọ.

Bí mo ṣe tò wọ́n ló yí padà jù. Nígbà àkọ́kọ́, ọ̀nà mọ́tò ni mo fi tò wọ́n, èyí tó sún mọ́ ni mo fi ṣáájú. Nípa bẹ́ẹ̀, pápá tí igbó rẹ̀ ṣú jù bọ́ sí ọ̀sán, lẹ́yìn tí olúkúlùkù wa ti ju díìsì bí ìgbà 140. Ẹni tó bá mọ eré yìí mọ ohun tí ìyẹn ń ṣe fún èjìká àti ìgúnpá: ọwọ́ a máa pẹ́ kó tó dé, díìsì a sì máa bọ́ kí ènìyàn tó fẹ́ kó bọ́ tàbí lẹ́yìn náà. Mo ti dá afẹ́fẹ́ lẹ́bi fún Bàbá Àgbà fún ìgbà díẹ̀. Kì í ṣe afẹ́fẹ́. Àárẹ̀ ni, ètò mi ló sì gbé àárẹ̀ náà pàdé igbó. Ní báyìí, pápá onígbó ni a ó fi ṣáájú nígbà tí ojú àti apá ṣì mọ́ra, a ó sì mú ìnura dání púpọ̀ nítorí ìrì. Pápá oníhò mẹ́sàn-án tó wà ní gbangba ni yóò kẹ́yìn, nítorí pé ojú ọ̀nà ilé ni ó wà àti pé díìsì kì í ṣòro láti rí níbẹ̀.

Wákàtí mẹ́ta mẹ́ta ni mo fún pápá méjì àkọ́kọ́. Ti ìkẹta, mo kọ aago mẹ́ta ọ̀sán sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí a bá parí ìkejì lẹ́yìn aago mẹ́ta, a ti fò ó nìyẹn, kò sí àríyànjiyàn, ẹnikẹ́ni kò sì ní máa sáré nítorí rẹ̀. Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin la jọ fi ẹnu kò lórí ìyẹn nílé, nígbà tí ara kò tíì rẹ ẹnikẹ́ni. Lórí pápá, ẹni tó bá ń kánjú jù ni ohùn rẹ̀ máa ń ròkè jù, mo sì mọ ẹni náà dáadáa.

Ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn ìrìn àjò wa ni wọ́n pe ẹ̀gbọ́n lórí fóònù. Wọ́n ti kọ orúkọ àti nọ́ńbà wọn sábẹ́ Bàbá Àgbà láti ọjọ́ tó ti pẹ́, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe máa ń ṣe, ẹni tí a kò mọ̀ rí sì ti rí i he. Ẹ̀gbọ́n kò sọ fún mi ibi tó wà nínú igbó náà. Èmi náà kò béèrè, nítorí mo ń bẹ̀rù pé kí wọ́n má lọ sọ pé ẹ̀bá igbó ni.

Mo mú ìwé tuntun náà lọ bá wọn ní ìrọ̀lẹ́ àná. Mo kọ́kọ́ bẹ̀ wọ́n, wọ́n sì gba ẹ̀bẹ̀ náà kí n tó sọ ọ́ dé ìdajì. Lẹ́yìn náà wọ́n wọ awò ojú, wọ́n ń fi ìka tẹ̀lé ìlà kọ̀ọ̀kan, títí tí wọ́n fi dé àlàfo kan tí mo fi sílẹ̀ lẹ́yìn pápá àkọ́kọ́.

Wọ́n ní, "Ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta rèé, o kò kọ nǹkan kan síbẹ̀. Ti kí ni?"

Mo ní, "Ti wíwá nǹkan ni, ẹ̀gbọ́n."

Wọ́n gba bíírò lọ́wọ́ mi, wọ́n kọ "Bàbá Àgbà" sínú àlàfo náà, wọ́n sì ní kí n fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kún un.